Bàtà Onígi Tí Mo Gbé Kọ́ Ògiri

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá kan ilẹ̀kùn mi ní Thamesmead Moorings. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n nínú gbogbo awakọ̀ tó ń kó ẹrù ní Woolwich, èmi nìkan ló mọ bí àwọn ará Faransé ṣe ń bọ́ gúùsì sanra.

Ẹ̀gbọ́n pẹ́pẹ́yẹ ni gúùsì: ọrùn rẹ̀ gùn, ohùn rẹ̀ le, kì í bẹ̀rù èèyàn. Kí n tó wọ Lọ́ńdọ̀nù, ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ lóko ìyá arúgbó kan, ní apá ibi tí Faransé ti ń sún mọ́ Sípéènì. Opó ni, kò bímọ obìnrin. Iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń ṣe, ìyá ìyá rẹ̀ ló sì kọ́ ìyá rẹ̀, torí lọ́hùn-ún obìnrin ló ni iṣẹ́ náà. Gúùsì á jẹ koríko kiri títí òtútù á fi dé, wọ́n á wá kó wọn wọlé. Ìyá yìí á jókòó sórí àpótí kúkurú, á há ọ̀kan sáàárín itan, á ki àrọ onírin sí i lọ́fun, irú àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò. Á máa fi ọwọ́ kan yí irin tó ń ti àgbàdo sísè gba inú àrọ náà, á máa fi ọwọ́ kejì ra ọrùn ẹyẹ náà wálẹ̀ kó lè sọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, bíi ogúnjọ́. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á wú, á funfun, òun ni àwọn olówó ń rà jẹ. Ọ̀rá rẹ̀ ni wọ́n fi ń bo ẹran nínú ìkòkò amọ̀ kó má bàjẹ́. Ó ní láyé ìyá òun kò tíì sí àrọ tí wọ́n ń yí, igi ni wọ́n fi ń ti àgbàdo wọlé. Ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá dé, pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n mú, gúùsì kì í gba kánjúkánjú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan ní ìkà ni. Mi ò jiyàn, mo gbọ́ bí àwọn ẹyẹ náà ṣe ń mí tó bá ku ọjọ́ díẹ̀. Òfin ìlú yìí ò gbà á, mi ò sì ṣe é níhìn-ín. Lẹ́yìnkùlé mi, inú abọ́ ni gúùsì méje tèmi ti ń jẹ àgbàdo tí mo ń rà lọ́jà Beresford Square. Mo forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Àwọn ọkùnrin ìjọ wa ní awakọ̀ ò lè sin gúùsì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí Kérésìmesì dé.

Ohun kan wà tí ìyá yẹn kì í fi ṣeré. Bàtà onígi kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé gúùsì. Tó o bá ń wọlé, wàá bọ́ tìẹ, wàá wọ ìyẹn, bàtà náà kì í sì í kúrò níbẹ̀. “Àrùn ò ní ẹsẹ̀,” ló máa ń wí, “tìẹ ló ń yá.” Ọjọ́ tí mo ń bọ̀, ó gbé e fún mi. Ó ní, “Ìwọ ló kù.” Mo gbé e kọ́ ògiri pálọ̀. Kò sí àlejò tí kò rí i.

Nígbà tó yá, rédíò ní àrùn ẹyẹ ti dé, kí gbogbo èèyàn sé ẹyẹ wọn mọ́lé. Mo kan òrùlé, mo ta àwọ̀n yí wọn ká. Ó tán, ta ló tún mọ̀ ọ́n jù mí lọ! Ní Sọ́ńdè, a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kó àwọn ọkùnrin náà lọ sí Birchmere Park kí n lè fi gúùsì etí omi kọ́ wọn.

“Ẹ wo ìdí èyí,” mo ní, “ó ti tó pa.”

“Dókítà gúùsì!” ni ọ̀kan pariwo. “Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá ó lóyún!”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àfi bí mo ṣe rí ọ̀kan lójú omi tó ń yí po lójú kan, ọrùn rẹ̀ wọ́. Ẹ̀rín mi gé.

Mo délé. Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí bàtà ìta wọ pálọ̀. “Daddy, ẹ bọ́ bàtà yẹn síta o!” Mo bọ́ ọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí mo máa ń bọ́ ọ sí.

Oorun ò kun ojú mi. Láàárọ̀, ọmọbìnrin mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ti ibi iṣẹ́ dé, mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ó wò mí.

“Daddy, bàtà wo lẹ wọ̀ lọ?”

“Dúdú yẹn.”

“Where is it?”

Mo sáré. Akọ ńlá ti yọ ẹnu láàárín àwọ̀n, ó ń jẹ okùn bàtà mi.

Mo fi bílíìṣì fọ ilẹ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Ọjọ́ kìíní, wọ́n jẹun. Ọjọ́ kejì, wọ́n jẹun. Ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni mo ń lọ kà wọ́n, bíi pé kíkà ló ń mú wọn dúró. Ọjọ́ kẹta, àgbàdo kù nínú abọ́. Mo sọ fún ara mi pé òtútù ni. Ọjọ́ kẹrin, ọrùn akọ ńlá wọ́.

“Ẹ pe àwọn ìjọba,” ni ìyàwó mi wí.

“Jẹ́ kó di ọ̀la.”

“Daddy, àwọn aládùúgbò ńkọ́? Ẹ pè wọ́n.”

Mo pè wọ́n. Wọ́n wọ aṣọ funfun látorí dé ẹsẹ̀ wá. Ọ̀kan nínú wọn rí bàtà onígi lára ògiri, ó bi mí bóyá mo ti wọ̀ ọ́ wọ ilé gúùsì mi rí. Mo ní rárá, kò wọ ibẹ̀ rí. Ó ní ó mọ́ nìyẹn, kó máa wà lára ògiri.

Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé pé àwọn kó lọ run nìyí. Gúùsì méje: abo márùn-ún, akọ méjì. Àgbàdo, àbọ̀ àpò. Abọ́ mẹ́ta. Àwọ̀n. Bàtà dúdú kan, ẹsẹ̀ méjèèjì.