Ajá Tíṣà Nínú Àgbàlá Wa

“Ó tún ti yàgbẹ́ síbẹ̀!”

Ohùn ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Òmù-Àrán. Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti ká ìró wọn sókè, wọ́n ń da eérú sórí ìgbẹ́ ajá kí wọ́n tó fi ọkọ́ kó o. Òórùn rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ti iṣu tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n sá sórí àpáta pẹlẹbẹ tó wà láàárín àgbàlá. Èlùbọ́ ni wọ́n ń ṣe tà. Ajá náà ti tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan níbẹ̀, ìyá àgbà sì ṣa gbogbo iṣu apá ibẹ̀ dànù.

Aládùúgbò wa ló ni ajá náà, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ìyá àgbà ti lọ bá wọn sọ ọ́ rí. Tíṣà ní ajá àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé bóyá ewúrẹ́ ni.

“Ewúrẹ́ wo ló ń yàgbẹ́ báyìí?” Ohun tí ìyá àgbà ń sọ nìyẹn títí wọ́n fi padà délé.

Àbúrò bàbá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà kò ní irú sùúrù yẹn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí iṣu dànù, ó ra òtapíápíá, ó pò ó mọ́ orí ẹja, ó gbé e sídìí ìbẹ́pẹ. Òórùn oògùn náà ta sí ìyá àgbà nímú níbi tí wọ́n ti ń dáná.

“Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?”

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín parí ọ̀rọ̀ ajá yìí.”

“Tíṣà ni mo ń bá wíjọ́. Ajá ò mọ ààlà ilé. Àti pé ọmọdé wà níbí, adìẹ wà níbí.”

Ìyá àgbà fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ihò jíjìn, wọ́n ri orí ẹja náà mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n rán mi lọ pe Tíṣà. Tíṣà wá tòun ti pákò lẹ́nu. Ìyá àgbà fún wọn ní bẹ́ǹṣì.

“Ẹ jókòó. Ẹ sáà máa wò.”

Kò pẹ́ tí ajá náà fi dé. Ẹ̀bá kànga wa ló kọ́kọ́ lọ. Ó gbóòórùn etí kànga náà yíká, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tó ń retí ènìyàn. Nígbà tó yá, ó dìde, ó rìn sídìí àpáta, ó ya ìgbẹ́ rẹ̀.

Tíṣà yọ pákò lẹ́nu.

“Ìyàwó mi ló máa ń tẹ̀ lé wá pọnmi níbí,” ni wọ́n wí. “Mo so ó lọ́jọ́ kan, ńṣe ló ń ké ṣáá. Màmá, ẹkún tèmi ti tó mi.”

Ìyá àgbà mú ọkọ́ nílẹ̀. Ìyàwó Tíṣà máa ń bá wọn bó iṣu nígbà mìíràn.

“Mo mọ̀ pé ó dùn yín,” ni wọ́n sọ. “Ṣùgbọ́n oúnjẹ la ń sá síbí.” Wọ́n na ọkọ́ sí Tíṣà. “Ẹ máa wá kó o láràárọ̀.”

Tíṣà gba ọkọ́, wọ́n kó o. Láti ìgbà náà, wọ́n ń wá láàárọ̀. Tí wọ́n bá pẹ́, ìyá àgbà á pariwo “Tíṣà o!” láti ẹ̀yìnkùlé, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Àbúrò bàbá mi ń pòṣé. Nígbà tó yá, Tíṣà fi ọparun ṣe ọgbà yí àpáta náà ká, ajá ò sì rọ́nà débẹ̀ mọ́. Kò jáwọ́ nínú wíwá sídìí kànga, kò sì sẹ́ni tó lé e.

Ìlọrin ni mò ń gbé báyìí. Ológbò aládùúgbò mi máa ń ṣu sẹ́nu ọ̀nà mi, inú sì máa ń bí mi gan-an. Ní àdúgbò wa, orí Wásáàpù ni wọ́n máa ń gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi máa ń wọ sílípáàsì, màá lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò náà. Nígbà mìíràn, inú mi kì í tíì rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Màá kí wọn, màá sọ ohun tí mo bá wá, màá sì dúró gbọ́ tiwọn.