Ìwé Alágbára Tí Èmi àti Àbúrò Mi Ṣe

Mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń kọ èyí. Èmi ń sọ, òun ń kọ, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi iyọ̀ sí i. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ láti ọdún gbọọrọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé àbúrò mi fi mí ṣe ẹlẹ́yà nínú ìwé tá a jọ ṣe, àbí kò ṣe bẹ́ẹ̀? Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ì bá sàn kí n má mọ̀ ọ́n.

Ìlú Ọjọ́, létí ọ̀sà, ni wọ́n bí wa sí, bàbá kan, ìyá kan. Bàbá wa ní ẹnì kan ṣoṣo lòun lágbára àtirán nílé ìwé, èkejì á máa bá òun lọ sódò. Èmi ni àgbà, ọwọ́ mi ló le, èmi ni mo bá a lọ sódò. Ilé kéú nìkan ni mo lọ, mi ò sì pẹ́ níbẹ̀. Mo ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń fìka tọ ọ̀rọ̀ lára wàláà, láti apá ọ̀tún bọ̀ sápá òsì. Ìwé òyìnbó, mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní.

Nígbà tí ẹja ò fi bẹ́ẹ̀ wọ àwọ̀n mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta bébà ní Okokomaiko. Márosẹ̀ tó gba ibẹ̀ kọjá yìí ò tí ì dé nígbà yẹn. Kì í ṣe bébà ìkọ̀wé o, bébà àlòkù ni, èyí tí àwọn alákàrà àti ẹlẹ́pà fi ń wé ọjà fún èèyàn. Àpápá ni wọ́n ti ń kó o wá ní dídì ńláńlá, á máa rùn bí inú ọkọ̀ ojú omi. Inú rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí kọ́míìkì. Ìwé pẹlẹbẹ ni, bébà rẹ̀ ò dáa, ó máa ń ya bí ewé gbígbẹ. Tó o bá sún un mọ́jú, àwọ̀ rẹ̀ á rí tótòtó bí ìyẹ́ ẹtù. Àmọ́ àwòrán inú rẹ̀! Ọkùnrin kan wọ aṣọ tó fún mọ́ ọn lára, ó so òmíràn mọ́ ẹ̀yìn, ó ń fò lórí ilé. Òmíràn bo ojú. Òmíràn wà nínú igbó kìjikìji, ó kù díẹ̀ kó wà níhòòhò, ó ń bá kìnnìún jà.

Iṣẹ́ mi ni kí n fa wáyà kékeré àárín ìwé yọ, kí n tú u sí ewé kọ̀ọ̀kan, torí alákàrà kì í lo odindi ìwé. Mo tú púpọ̀. Alágbára mélòó ni epo àkàrà ti mu! Ọmọ ọmọ mi ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí lókè òkun. Ó kà á lórí fóònù pé ìyá àwọn ọmọ ń dáná sun ún, wọ́n tún ń kó o lọ lọ̀ di bébà tuntun nígbà ogun àgbáyé. Ìdí nìyẹn tí ti àkọ́kọ́ fi ṣọ̀wọ́n.

Èyí tó bá wù mí, mi ò ní tú u. Bí mo ṣe ń wo wàláà ni mo ṣe ń wò ó, láti apá ọ̀tún. Nínú gbogbo èyí tí mo wò, alágbára á kọ́kọ́ lu olè bolẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn lolè á tó wá fọ́lé. Mo rò pé agbára rẹ̀ gan-an nìyẹn, pé ó ti mọ ohun tí èèyàn máa ṣe kó tó ṣe é. Ó dùn mọ́ mi. Mo ní irú ẹni tó yẹ ká ní ní Ọjọ́ níbí nìyẹn.

Mo mọ àwòrán yà. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Àbúrò mi, tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà nígbà yẹn, wá bá mi ní ìsọ̀ bébà, ó rí èyí tí mo fi èédú yà sára páálí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa. Ẹ̀yin ẹ ya àwòrán, kí èmi fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu."

Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn.

A ṣe é. Apẹja kan ni alágbára tiwa, ó rì sínú ọ̀sà, ó sì jáde pẹ̀lú agbára. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní àwòrán mẹ́ta mẹ́ta ní ìlà. Mo ń yà á, mo ń tọ́ka sí i fún un, "Èyí ló ṣáájú, èyí ló tẹ̀ lé e," òun ń kọ ọ̀rọ̀ sí i. Lọ́jọ́ kejì ó gbé kálàmù sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Nílé ìwé, apá òsì la ti máa ń bẹ̀rẹ̀."

"Ṣé ilé ìwé lo fẹ́ fi hàn mí?"

"Rárá o, sà."

"Ta ló ń ya àwòrán?"

"Ẹ̀yin ni."

"Kọ ohun tí mo bá ní kó o kọ."

"Mo ti gbọ́, sà."

Kò tún sọ ọ́ mọ́. Àbúrò kì í já ẹ̀gbọ́n níyàn lẹ́ẹ̀mejì nílé wa.

Ẹnì kan tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó ní Múṣin ló bá wa tẹ̀ ẹ́. Mo kó o wá sí gáréèjì Okokomaiko, mo tò ó sórí bébà alákàrà. Dírẹ́bà kan mú ọ̀kan, ó ń kà á sókè fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibi tí ọmọdé kan ti já sómi ló ṣí sí. Bí mo ṣe yà á, ọmọ kọ́kọ́ ń ké nínú omi, alágbára gbé e, ó wá gbé e fún ìyá rẹ̀.

Dírẹ́bà ní, "'Ìyá ọmọ, ẹ gba ọmọ yín.'" Ó sún ìka sí iwájú. "'Má bẹ̀rù, ọwọ́ mi lo wà.'" Ó tún sún un. "'Ẹ gbà mí o! Mo ń kú lọ!'" Ó gbójú sókè. "Ẹ̀yin ará, ọkùnrin yìí gba ọmọ padà lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, ó ní kó má bẹ̀rù, ó sì jù ú sómi!"

Gáréèjì bú sẹ́rìn-ín.

"Alágbára Ọjọ́ nìyẹn!" ni ẹlòmíràn wí. "Ẹ dákun, ẹni tó bá bímọ kó má gbé e kọjá lọ́dọ̀ wọn!"

Mo bi dírẹ́bà náà pé, "Ṣé bó ṣe wà níbẹ̀ lo ṣe kà á?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò fi nǹkan kan kún un. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe."

Gbólóhùn yẹn ló wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ náà, Ju-ọmọ-sómi lorúkọ mi ní Okokomaiko, títí mo fi kó ìsọ̀ mi kúrò. Mo ní torí pé n kò mọ̀wé ni àbúrò mi ṣe yí ọ̀rọ̀ mi padà, kí ayé lè fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò bú yín. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín, ẹ ó gbọ́ ọ fúnra yín."

"O ti kà á fún mi tó. Dìde, máa lọ."

Ó lọ. Wọ́n gbé iṣẹ́ tíṣà rẹ̀ lọ sí Ìlaròó, ó fẹ́yàwó síbẹ̀, ó bímọ síbẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ta ló kọ. Ta ni mo fẹ́ kó kà á fún mi? Mo fi wọ́n sábẹ́ ẹní, wọ́n sì jẹrà síbẹ̀. Nígbà tó kú, wọ́n wá pè mí. Mo ní àgbà kì í sin ọmọdé. Òótọ́ ni pé àgbà kì í sin ọmọdé, àmọ́ kì í ṣe ìdí tí mi ò fi lọ nìyẹn.

Ọmọ ọmọ mi wà ní yunifásítì tó wà ní Ìyànà-Ìbà. Ìtàn kọ́míìkì àtijọ́ ni wọ́n ní kó kọ. Ó ń kà á fún mi pé láàárín àwọn òyìnbó, ọ̀dọ́ méjì ló dá ọ̀kan nínú àwọn alágbára àkọ́kọ́ sílẹ̀, ọ̀kan ń kọ, ọ̀kan ń yà. Wọ́n tà á fáwọn tó ń tẹ̀wé, kò sì jẹ́ tiwọn mọ́. Mo bi í pé ṣé àwọn méjèèjì ṣì ń bára wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Ó ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

Mo wọ yàrá, mo gbé ẹyọ kan tó kù jáde. Omi òjò ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Mo ní, "Ka ibi tí ọmọ ti já sómi." Ó kà á. Bí dírẹ́bà ṣe kà á ló ṣe kà á.

Mo ní, "O ò rí i? Ó bú mi."

Ó tẹjú mọ́ ọn. "Bàbá, ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà á?"

Mo fi ìka hàn án. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo tọ́ka sí. Ẹ gbà mí o, mo ń kú lọ. Má bẹ̀rù, ọwọ́ mi lo wà. Ìyá ọmọ, ẹ gba ọmọ yín. Ó ka ojú ìwé kejì bẹ́ẹ̀, ó ka ẹ̀kẹta. Kò sí ọ̀rọ̀ mi kan tó yẹ̀. Ohun tí mo ní kí àbúrò mi kọ náà ló kọ, níbi tí mo ní kó kọ ọ́ sí. Ó mọ̀ pé wọ́n máa fi wá rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ má sunkún." Mi ò sunkún. Ojú mi ló ń ṣomi.

Ọmọ àbúrò mi kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Àlàbá, ó ń ta ẹ̀yà tẹlifíṣọ̀n àti rédíò. Mo di ìwé náà sínú náílọ́ọ̀nù, mo wọkọ̀ lọ bá a. Mi ò rí i rí. Nígbà tí mo sọ ẹni tí mo jẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì níwájú àwọn kọ́sítọ́mà. Ojú bàbá rẹ̀ ló gbé wọ̀.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Bàbá wa máa ń sọ pé kò sẹ́ni tó mọ àwòrán yà tó yín."

Mo jókòó. Ó ra ìgò mọ́ọ̀tì tútù kan fún mi. Ó ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn, ó sì ń wò mí. Náílọ́ọ̀nù wà lórí itan mi. Mo tú ẹnu rẹ̀ kí n lè jẹ́wọ́ ohun tí mo fi bàbá rẹ̀ ṣe, mo tún so ó. Ó ní, "Sà, ṣé nǹkan kan wà tẹ́ ẹ fẹ́ kí n ṣe fún yín?"

Mo ní, "Bátìrì rédíò ni mo wá rà."

Ó fún mi ní mẹ́rin, kò gbowó. Mo kí i, mo gbé náílọ́ọ̀nù mi, mo padà sílé. Orí fèrèsé ni bátìrì náà wà títí di báyìí, mi ò tú u. Kò sí rédíò nílé yìí.