Aṣọ Olódòdó tó Bo Kọ̀ǹpútà Mi ní Ute

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi gbé kọ̀ǹpútà sínú báàgì, tí mo jáde nílé ní Ọ̀wọ̀. Inú ti ń bí mi kí n tó dé títì. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí tiransífọ́mà àdúgbò wa ti jó, ẹni tó yẹ kó tún un ṣe kò yọjú. Bẹ́ẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá mi ní fásitì fẹ́ gba èsì iṣẹ́ mi, kó tó kọ orúkọ àwọn tí yóò gboyè lọ́dún yìí.

Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ náà dẹ́rù bà yín. Nínú ohun gbogbo ni àwọn hóró bíńtín kan wà tí à ń pè ní núkílíọ́nì. Bí méjì nínú wọn bá fi eré burúkú kọlu ara wọn lójú ọ̀run, èérún á fọ́n jáde. Àwọn kan á di fótónì, ìyẹn hóró ìmọ́lẹ̀. Àwọn kan á di niutirínò, tí í la ilé ayé kọjá láìkí ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà mi ló ń ṣe àfarawé ìkọlù náà. Á kọ́kọ́ ka fótónì, lẹ́yìn náà niutirínò. Wákàtí márùn-ún gbáko ni, kò sì gbọdọ̀ kú láàárín.

Ọ̀dọ̀ ìyá ọ̀rẹ́ mi ní Ute ni mo ń lọ, torí pé ọmọ rẹ̀ ra sólà fún un. Ọlọ́kadà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà, a ná an títí ó fi gba mẹ́rin. Gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ló bá wa kí ara wa. Ó bi mí pé kí ni mo gbá mọ́ àyà bẹ́ẹ̀, mo ní iṣẹ́ ni. Ó ní ṣé iṣẹ́ yẹn kò lè jókòó sílé ni. Mo tún gbá báàgì mọ́ra.

Aago mẹ́jọ kò tíì lù tí mo fi tan kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní pálọ̀ Màmá, ìyá ọ̀rẹ́ mi, kí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti bí mi ní Àkókó, àlejò lè ní òun ti yó. Nílé Màmá, ìyẹn kì í ṣe èsì. Mo jẹ iyán, ó tún bù sí i. Ó ní kí n wá wo ẹ̀gẹ́ òun lẹ́yìnkùlé, mo tẹ̀ lé e, ó fi mí mọ ebè lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí a padà dé ní aago kan ọ̀sán, aṣọ olódòdó tó fi ń bo tẹlifíṣọ̀n ló wà lórí kọ̀ǹpútà mi, ìṣẹ́po méjì. Kọ̀ǹpútà gbóná bí ààrò, ó sì ti kú.

"Eruku gààrí tí aládùúgbò ń yan pọ̀ lónìí," ni Màmá wí. "Mo bò ó fún ọ kí a tó jáde. Nǹkan iyebíye kì í wà níhòòhò."

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá."

Nígbà tó tutù tó tún tàn, fótónì pé. Niutirínò kò dé ìdajì, kò sì sí àkókò láti tún un ṣe.

Lórí ọ̀kadà tó gbé mi padà sí Ọ̀wọ̀, èrò burúkú wọlé. Ọmọ ìyá ni àwọn èérún tó ń bí méjèèjì. Ẹni tó bá mọ iye ọ̀kan lè méfò èkejì, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan ní Ọ̀wọ̀, mo tẹ iye tí mo méfò náà sílẹ̀. Mo wò ó. Mo pa á rẹ́. Mo fi fótónì nìkan ránṣẹ́, mo sì kọ òótọ́ sí i. Ọ̀gá mi dáhùn kí n tó dìde: "Kò tó. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn ilé ni Màmá pè. Ó bi mí bóyá wọ́n gba iṣẹ́ náà.

"Wọ́n gbà á, Màmá," ni mo wí.

Ó gbàdúrà fún mi pẹ́. Ohun tí ìrìn àjò yẹn kọ́ mi ni pé èmi tí n kò lè parọ́ niutirínò fún ọ̀jọ̀gbọ́n, mo parọ́ fún ìyá àgbà láìkọsẹ̀. Bó bá tún pè lọ́la, màá tún un pa.