Páálí Géèmù Kì í Ṣe Ohun Ìdáná

Kásẹ́ẹ̀tì géèmù mọ́kànlá ni mo ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà nínú páálí tó bá a wá láti òkè òkun. Ẹ̀gbọ́n kan tó ni ilé géèmù ní Mushin ló kó wọn fún mi nígbà tó fẹ́ ti ibẹ̀ pa. Èmi ni mò ń gbálẹ̀ fún un lẹ́yìn tí mo fi ilé ìwé girama sílẹ̀ ní kíláàsì kejì. Ó ní kí n mú kásẹ́ẹ̀tì, kí n da páálí nù. Mo kó méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn páálí wọ̀nyẹn ni mo fi kọ́ ara mi ní ìwé kíkà, nígbà tí ojú ń tì mí láti kà á sókè níwájú ẹnikẹ́ni.

Èmi àti Àǹtí mi la jọ ń gbé yàrá kan. Ó máa ń sọ pé, "Ìwọ tí o kì í lè kí ará ilé kó gbọ́, páálí lò ń tọ́jú bí ọmọ."

Mo ṣe àṣìṣe kan. Bí ìyá mi ṣe ń fi kàǹfọ̀ tó ń lé kòkòrò sáàárín aṣọ òfì, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi í sáàárín géèmù mi, mo fi náílọ́ọ̀nù wé wọn, mo pa àpótí dé. Nígbà tí mo máa fi ṣí i, kàǹfọ̀ ti mú náílọ́ọ̀nù rọ̀, ó ti lẹ̀ mọ́ páálí méjì. Mo bó o, àwòrán bá a lọ.

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i? Kí n máa fi wọ́n dáná èédú ló dáa jù."

Ní ìsọ̀ bàtà tí mò ń bá wọn tà ní Yábàá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn àpò kékeré tó ń fa omi, tí wọ́n máa ń fi sínú bàtà tuntun. Pépà funfun ni mo fi wé géèmù lákọ̀tun, mo fi àpò yẹn há wọn láàárín, mo gbé àpótí lé búlọ́ọ̀kù méjì nítorí àgbàrá.

Lóṣù tó kọjá, Àǹtí ní, "Fírísà mi ń bọ̀ lọ́la. Gbé àpótí yẹn kúrò ní igun."

"Ibo ni kí n gbé e sí, Àǹtí?"

"Ààtàn."

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Kò ní lọ."

"Kí lo wí?"

"Mo ní kò ní lọ. Ẹ gbé fírísà sí igun. Ibi tí mò ń sùn ni mo máa gbé àpótí sí."

"Ìwọ alára ńkọ́?"

"Ẹní wà."

Ó pòṣé.

Mo ká mátírẹ́ẹ̀sì mi, mo fi í tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo to búlọ́ọ̀kù síbi tí mátírẹ́ẹ̀sì wà tẹ́lẹ̀, mo gbé àpótí lé e. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ fírísà ni mò ń tẹ́ ẹní sí. Ẹ̀yìn ń dùn mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn òjò ọjọ́ méjì, mo ṣí àpótí, mo fọwọ́ kan páálí kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló gbẹ.