Àga Ọ̀gá Tó Ń Dún àti Bẹ́ẹ̀dì Bàbá Tí Kì Í Dún

Pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn ni mo fi ń kéde pé àga ọ̀gá àgbà ní ọgbà tí iléeṣẹ́ epo àdúgbò wa ń kó páìpù sí ti di aláìsí. Bí ọ̀gá bá yí sọ́tùn-ún, ó ń dún. Bó bá yí sósì, ó tún ń dún. Àwọn òṣìṣẹ́ ètò ààbò wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n bo imú, wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ń kó ohun tó léwu sí. Wọ́n ní fóòmù inú rẹ̀ lè ba àyíká jẹ́.

Lọ́sẹ̀ kan náà, ọkùnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ha inú páìpù nínú ọgbà yẹn kú sílé rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Kò sẹ́ni tó wọ ìbọ̀wọ́ wá.

Páìpù tó bá pẹ́ nínú kànga epo máa ń dí. Omi tó ń bá epo jáde láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ máa ń fi èépá líle sínú rẹ̀, bí èyí tó ń wà nínú ìkòkò tí a fi ń se omi. Èépá náà kì í rùn, kì í tàn, kì í ta ni lára. Àmọ́ ìtànṣán olóró tó lè fa jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀, kò sì ní tán lójú ọmọ-ọmọ ẹni tó ń ka èyí. Ó yẹ kí wọ́n fi omi rin ín kí wọ́n tó ha á, kí wọ́n rọ ọ́ sínú àgbá, kí wọ́n dé e pa, kí wọ́n tì í mọ́ ibi tí ọmọdé ò lè dé. Wọ́n mọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ọ́fíìsì, wọ́n tún fi férémù sí i. Ṣùgbọ́n omi ń sọ ọgbà di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ sì ń ba bàtà àwọn àlejò jẹ́. Gbígbẹ ni wọ́n ń ha á.

Bí Bàbá aládùúgbò wa yìí bá ha á tán, á gbé páìpù sókè, á di ojú kan, á fi ìkejì wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ là á já. Bí eruku bá kù, á fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní Afojúkanwò. Á funfun títí dé ìpéǹpéjú bí ẹni tó ṣubú sínú ìyẹ̀fun, ìyàwó rẹ̀ á sì gbọn aṣọ náà lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí ikọ́ dé, á pe èmi akẹ́kọ̀ọ́ poli láti ẹ̀yìn ògiri: "Ọmọ Poli, páìpù tèmi náà ti dí o. Wá bá mi ha á." A máa ń rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń gbọ́ ikọ́ yẹn lẹ́yìn ògiri.

Iléeṣẹ́ ra ẹ̀rọ kékeré kan nígbà kan, tó ń ké bó bá gbúròó ìtànṣán. Wọ́n gbé e sún mọ́ páìpù, ó ké. Wọ́n gbé e sún mọ́ bàtà Bàbá, ó ké. Ọ̀gá ní ariwo rẹ̀ ń dí ìpàdé lọ́wọ́, wọ́n bá yọ bátìrì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ ò rí ewu kankan mọ́.

Nígbà tí Bàbá fẹ́yìn tì, wọ́n fi páìpù àtijọ́ ta á lọ́rẹ, wọ́n ya fọ́tò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo òṣìṣẹ́ nìyẹn. Ọgbà ń ṣófo, inú àwọn èèyàn sì ń dùn. Wẹ́dà gé páìpù tirẹ̀, ó jó o pọ̀, ó di bẹ́ẹ̀dì. Ó dúró gbagidi, kì í dún. Orí rẹ̀ ló kú sí.

Dókítà béèrè bóyá sìgá ló ń mu. Kò fẹnu kàn án rí. Ṣé eruku ló pa á? Mi ò lè búra. Ẹni tó yẹ kó wọ̀n ọ́n ló yọ bátìrì.

Olùkọ́ mi kan ní poli yá wa ní ẹ̀rọ tirẹ̀. A gbé e sún mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó ké, ọmọ tuntun tí ọmọbìnrin wọn gbé wálé sì jí. Ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń sùn báyìí, nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ní, bẹ́ẹ̀dì sì dúró lápá kejì. Ìyá, ìyàwó Bàbá, ní bí ilé bá pa rọ́rọ́, òun ń gbọ́ bí ẹni ń ha nǹkan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Onírin àlòkù fẹ́ rà á. Ìyá kọ̀, ó bi í pé ọmọ ta ló fẹ́ kó lọ sùn lé e.

Ọ̀gá ètò ààbò iléeṣẹ́ wá kí wọn. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ìyá ní kó gbé bẹ́ẹ̀dì wọn lọ.

"Màmá, ẹ̀bùn ni. Kì í ṣe tiwa mọ́."

"Ó dáa. Kí ló dé tí ẹ ò wọlé, ọmọ mi?"

Ó fẹ̀yìn rìn, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n yọ bátìrì? Ilé mélòó ni ẹ̀bùn yẹn wà? Ta ló ń sùn lé e lálẹ́ òní? Kí ìjọba pè wọ́n síwájú adájọ́, kí wọ́n dárúkọ ara wọn. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wọ ilé kọ̀ọ̀kan, kí bátìrì wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún àga, kí wọ́n ṣe é fún bẹ́ẹ̀dì.

Bí mo ti ń parí èyí, iléeṣẹ́ fèsì sí ọ̀rọ̀ Ìyá. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì:

ÌKÉDE PÀTÀKÌ. A ń fi tó gbogbo ará ìlú létí pé páìpù tó wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fẹ́yìn tì àti ẹbí wọn ṣì jẹ́ ohun ìní iléeṣẹ́. Kí wọ́n dá a padà kíákíá. Kí wọ́n kọ́kọ́ ha inú rẹ̀ mọ́ nílé. A kò ní gba èyí tó bá dọ̀tí.