Àwo Gìtá Àbúrò Mi àti Ìkíni Ìyá Ọlọ́ṣẹ

Nígbà tí àbúrò mi sọ pé òun fẹ́ ṣe àwo orin, ohun tí agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnká kọ́kọ́ bi í ni ta ni yóò yìn níbẹ̀. Ó ní òun ò ní yin ẹnì kankan, òun ò tiẹ̀ ní la ẹnu. Gìtá nìkan ni yóò máa dún, orin rọ́ọ̀kì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Kò ní sí ọ̀rọ̀ kankan?" Ẹ̀gbọ́n bàbá wa bi í.

"Kò ní sí, Bàbá."

"Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti parí?"

N kì í tètè dá sí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dárúkọ yàrá tó fẹ́ fi ṣe sitúdíò, ẹ̀rù bà mí. Yàrá ẹ̀yìn ni, yàrá ògiri amọ̀ kan ṣoṣo tó kù nínú ilé àtijọ́ wa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, amọ̀ ló dáa jù," ó ní. "Ó máa ń gbé ariwo mì."

"Mo mọ̀. Ó gbé èmi náà mì rí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni mo sọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, ògiri ẹ̀yìn wó lù mí níbi tí mo sùn sí lọ́sàn-án. Kò sí ẹlòmíràn nílé, wíwó náà kò sì hàn síta. Tábìlì kan ló gba amọ̀ dúró lórí mi. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n lè ké. Ìyá Ọlọ́ṣẹ, aládùúgbò wa tó ń ta ọṣẹ dúdú l'Ọ́jà'ba, ń ti ọjà bọ̀. Wọn ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, wọ́n kàn kí ilé bí wọ́n ṣe máa ń kí i: "Ẹ kú ilé o!" Wọ́n ti kọ́ mi nílé pé àgbà kì í kí ni kéèyàn dákẹ́. Mo dáhùn lábẹ́ amọ̀: "Ẹ kú àbọ̀, mà!" Ohùn yẹn ni wọ́n tọ̀ wá tí wọ́n fi wa mí jáde bí iṣu.

Láti ìgbà náà, n kò lè gbọ́ "ẹ kú ilé" kí n má dáhùn. Mo ti ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún, mo ṣì máa ń fọwọ́ ti ògiri wò kí n tó jókòó tì í. Ìyá Ọlọ́ṣẹ náà ò gbàgbé. Lójoojúmọ́, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ní àsìkò ìrun alásàrí, wọ́n á kí, wọn ò sì ní kúrò títí wọ́n á fi gbọ́ ohùn mi. Bí mo bá pẹ́, wọ́n á figbe ta: "Ẹ gbà wá o, ó tún ti wó!" Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣe é. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, àwọn géńdé gbé ṣọ́bìrì dé láti Bẹẹrẹ. Balùwẹ̀ ni mo wà.

Àbúrò mi fi fóòmù dí fèrèsé. Iṣẹ́ tó gbé fún mi ni pé kí n dúró síta, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí i. N'Íbàdàn! Bí wọ́n bá ti gbọ́ gìtá, wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan ń ṣiṣẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Gìtá á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo wá ń lọ pàdé àwọn èèyàn lọ́nà, mo ń kí wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti Màpó wò mí lójú.

"Ìwọ ti kí mi tán. Èmi ò tíì kí àbúrò ẹ."

Báyìí ni a ṣe rí orin mẹ́jọ gbà sílẹ̀. Ó ku ìkẹsàn-án, èyí tó gùn jù, tí àbúrò mi ní torí ẹ̀ gan-an lòun ṣe ń ṣe àwo. Ẹ̀rọ tó fi ń gba ohùn sílẹ̀, yíyá ni. Ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá gbé e lọ sí Èkó kí ìrun Jímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní àárọ̀ Jímọ̀ náà, ó tilẹ̀kùn, ó sì fà mí wọlé. "Ẹ jókòó síbí. Ẹ̀yin gan-an lẹ ń pariwo jù níta."

Mo jókòó, mo fọwọ́ ti ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀. Gìtá náà ń ké, ó ń kérora, amọ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi. Ó dára débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ẹ̀rù. Ó kù díẹ̀ kó parí ni mo gbọ́ ọ.

"Ẹ kú ilé o!"

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti tètè ti ọjà dé nítorí ìrun Jímọ̀. Àbúrò mi mirí sí mi, ìka rẹ̀ ò dúró. Mo fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ kú ilé o!" Ohùn náà ti ń gbọ̀n.

Ojú àbúrò mi ń bẹ̀ mí. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ń lọ, kò sí ìgbà mìíràn. Ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe rí lábẹ́ tábìlì yẹn, mo sì mọ ẹni tó dúró síta.

"Ẹ kú àbọ̀, mà!"

"Ẹ̀ẹ́n. Ọlọ́run ṣeun." Bàtà wọn ń wọ́ lọ.

Àbúrò mi ò dúró. Ó ta á parí, ó gbé gìtá kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"N kò lè ṣe é."

Kó tó fèsì, ẹnì kan ti ń kan ilẹ̀kùn. Ẹlẹ́rọ ni. "Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Bẹ́ẹ̀ ni àwo náà ṣe jáde. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní ìkẹsàn-án nìkan ló ní làákàyè. Àbúrò mi fi orin náà sí i lórí fóònù fún Ìyá Ọlọ́ṣẹ lẹ́nu ọ̀nà wa. Wọ́n tẹ́tí, wọ́n fajú ro. Nígbà tí ohùn wọn dé tó ń kí ilé, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń wò mí. Mo ti dáhùn nínú àwo, gbogbo wa la sì gbọ́ ọ. Wọ́n ṣì ń wò mí.

Mo tún dáhùn.