Ọjọ́ Tí Wọ́n Rẹ́ Ògiri Téṣàn Wa

Ọjọ́ tí wọ́n rẹ́ ògiri téṣàn ọkọ̀ ní Ìpàpó ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi.

Amọ̀ ni ìlú fi kọ́ téṣàn náà nígbà tí ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá mi wà lára àwọn tó kọ́ ọ, bàbá mi sì tẹ ọwọ́ wọn kan mọ́ ògiri inú nígbà tó ṣì tutù, ipa rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti wọkọ̀ lọ sí Gánà, ọ̀hún ni wọ́n kú sí. A kò ní fọ́tò wọn. Bí a bá ń ti oko bọ̀, màmá mi a ní, “Ràfá, lọ kí bàbá rẹ.” Màá gbé ọwọ́ mi lé ojú ipa ọwọ́ náà. Ó tóbi ju tèmi lọ.

Nígbà tí òjò ń jẹ téṣàn náà, ìlú ra sìmẹ́ńtì láti fi rẹ́ ìta rẹ̀. Tayọ̀tayọ̀ ni màmá mi ń pọnmi fún bíríkìlà láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ti ilé ìwé dé, mo wọ inú téṣàn, ògiri ń dán.

Bíríkìlà ní, “Ìyá Ràfá, sìmẹ́ńtì ṣẹ́kù, mo bá yín rẹ́ inú náà. Ihò kan wà níbẹ̀, mo ti dí i.”

Màmá mi ní, “Ẹ ṣeun.” Wọ́n rọra sọ korobá omi kalẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná họ ibi tí ipa ọwọ́ bàbá mi wà. Màmá mi di ọwọ́ mi mú.

“Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Amọ̀ abẹ́ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn, bí o bá họ ọ́, ipa ọwọ́ náà á bá a lọ.”

Téṣàn náà ṣì dúró. Bóyá ọwọ́ mi ti tó ti bàbá mi báyìí, n kò ríbi wọ̀n ọ́n.